Hóró Aláwọ̀ Aró ní Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò Lotto ní Mowe fún ìgbà díẹ̀, á mọ álọ́ọ̀mù dunjú. Omi kànga wa máa ń pọ́n bí omi tí amọ̀kòkò fi ṣan ọwọ́. Tí a bá fà á tán, a ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó fi òkúta álọ́ọ̀mù rò ó yíká, a ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìdọ̀tí á ti sọ̀ kalẹ̀, omi á mọ́ gaara lókè. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kò sì ka òkúta náà sí nǹkan kan ju ohun tí a fi ń tún omi ṣe lọ. Àfi ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn mi, obìnrin, gbé ẹyọ kan sókè sí oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo igun rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gé e o. Bó ṣe dàgbà nìyẹn."

Mo ní, "Òkúta ń dàgbà?"

Ó ní, "Ó ń dàgbà, mà. Ẹ kàn ò tíì jókòó tì í rí ni."

Mo ti jókòó tì í báyìí. Bí mo ṣe jókòó tì í, àti ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ bá mi fara balẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí gan-an kò fẹ́ ìkánjú, ẹnu tí yóò sọ ọ́ náà kò gbọdọ̀ kánjú.

Tíṣà ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti lo gbogbo ọjọ́ ayé mi, ní Ifo tí wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn náà ní Ibafo, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ sinmi. Àwọn ọmọ ti tú ká, kálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ, ó wá ku èmi nìkan nínú ilé tí èmi àti bàbá wọn fi ọdún gbọọrọ kọ́, búlọ́ọ̀kù kan lónìí, páànù kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àbíkẹ́yìn yìí ló máa ń wá wò mí ní gbogbo Sátidé. Yunifásítì ló wà, ó ń kàwé láti di ọ̀mọ̀wé.

Ohun tó ń kà ṣòroó ṣàlàyé fún àwọn ará ìjọ mi. Wọ́n á ní, "Ṣé dókítà ni?" Mo ní rárá. "Ẹnjiníà ńkọ́?" Mo ní rárá. "Kí ló wá ń kà látọjọ́ yìí, Mọ́mì?" Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bèèrè lábẹ́ ahọ́n ni ọjọ́ tí yóò lọ sílé ọkọ. Mo bá lọ bá òun fúnra rẹ̀, mo ní kó la ọ̀rọ̀ náà yé mi, kí èmi náà lè rí nǹkan fi dáhùn.

Kò ṣe méjì, ó wọ ilé ìdáná, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sórí ọ̀rá dúdú, ó mú awò tí bàbá rẹ̀ fi máa ń ka ìwé ìròyìn nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wo inú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, iyọ̀ tí mo ti ń bù sọ́bẹ̀ láti kékeré! Àpótí ni gbogbo rẹ̀. Àpótí kéékèèké, onígun mẹ́rin, bí ẹni pé káfíńtà jókòó gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní àwọn nǹkan tó di iyọ̀ kéré débi pé ojú kankan kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tò ni, ìlà lẹ́yìn ìlà, àlàfo tó wà láàárín ẹnìkan sí èkejì kì í yẹ̀. Ètò inú yẹn ló hàn síta tó di igun. Ohunkóhun tó bá tò báyẹn, kírísítà ni wọ́n ń pè é: iyọ̀, ṣúgà, álọ́ọ̀mù, kánhún.

Mo ní, "Bí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí pápá láàárọ̀. Na ọwọ́ rẹ síwájú, má fọwọ́ kan ẹni iwájú ẹ."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀hẹ́n! Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Mo wá rántí oyin ìyá mi ní Ifo. Ìgò oyin kan ni màámi rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń ti ọ̀nà oko wá, tí ọyẹ́ sì mú, tí oyin náà di gbagidi, tó ń ríngindin lẹ́nu bí yanrìn. Màámi ní wọ́n ti fi ṣúgà lu òun ní jìbìtì. Ó gbé ìgò, ó lọ ká ọkùnrin náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní, "Ìyá, èyí tó di ni ojúlówó. Èyí tí kò bá di ni kí ẹ máa bẹ̀rù." Màámi kò gbà á gbọ́ dọjọ́ ikú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọkùnrin náà jàre, kírísítà ni oyin náà ń ṣe.

Iṣẹ́ tirẹ̀ wá rèé. Oògùn ibà kan ló so pọ̀ mọ́ bàbà, bàbà yìí náà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà, bóyá agbára oògùn náà á lè pọ̀ sí i. Ó ti so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti di ara wọn mú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú láti mọ̀ ọ́n ni kó rí kírísítà ẹyọ kan, tó mọ́, tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ ẹ́síréè kan. Ẹ́síréè á gba inú hóró náà kọjá, á tú ká di àmì tótòtó, wọ́n á sì fi ìṣirò ti ibi àmì wọ̀nyẹn mọ ibi tí kálukú dúró sí nínú.

Ẹ̀rọ náà kò sí nítòsí. Ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní yunifásítì ní ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, níbi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀rẹ́ náà sì ti gbà láti mú hóró náà dání. Ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú ti wà nílẹ̀. Ọdún méjì sì ni ọmọ mi ti ń wá hóró kan yìí, tí kò rí i. Nígbà mìíràn ó máa di ẹ̀tù lásán. Nígbà mìíràn á rí bí ìgbálẹ̀, tínínrín tínínrín, wọ́n á fara dì mọ́ra, kò ní ṣeé yà. Yunifásítì ti fún un ní àfikún àkókò, àfikún náà sì ti ń tán lọ. Tí èyí bá tún bọ́, yóò yọ orí tó sọ nípa kírísítà yìí kúrò nínú ìwé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Orí yẹn sì ni ọkàn iṣẹ́ náà.

Ní Sátidé kan ló wọlé láti ìdíkọ̀ Ibafo, ó gbé bíkà kan, ife gíláàsì onílà tí wọ́n ń lò ní lábù, mọ́ àyà, ó fi aṣọ inura wé e bí ọmọ tuntun. Omi inú rẹ̀, tí oògùn àti bàbà náà ti yòrò sí, rí bí aró tí wọ́n ti fi omi là.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, bíkà lọ́wọ́. "Mọ́mì, yàrá ẹ̀yìn tí bàbá mi ń kó ìwé sí, ẹ bá mi yá a."

"Kí ló ṣe yàrá yín lọ́hùn-ún?"

Ó ní jẹnẹrétọ̀ ń gbọn ògiri lábù wọn jìgìjìgì. Tí iná bá wà, ẹ̀rọ amúlétutù á sọ ibẹ̀ di Jọ́ọ̀sì. Tí iná bá lọ, ibẹ̀ á di ààrò. Kírísítà kò fẹ́ ìgbọ̀njìgì, kò fẹ́ kí ooru máa lọ kó máa bọ̀. Yàrá ẹ̀yìn mi kì í gba oòrùn, igi fúrúùtù ṣíji bò ó, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù tọ̀sán-tòru.

Ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀, ó gbé táìlì kan lé e, ó gbé bíkà lé táìlì, ó fi bébà bò ó, ó sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́sàn-án sí bébà náà. Ó ní ihò yẹn ni omi á máa gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ṣe ń lọ, àyè ń há mọ́ ohun tó yòrò sínú rẹ̀ nìyẹn, ẹnìkan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹnìkejì mú nísàlẹ̀. Tí ihò bá tóbi jù, omi á yára lọ, wọ́n á ṣubú lu ara wọn, wọ́n á di ẹ̀tù.

Mo ní, "Bí ìgbà tí aago ìsinmi bá lù."

"Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀, mà." Ó wá mú ìwé eskasáísì kan jáde. "Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i. Aago méje àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán, ẹ bá mi wo tẹmómítà, kí ẹ wo ibi tí omi dé lára ìlà bíkà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí nǹkan kan."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìwé kíkọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbé e wá."

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni aládùúgbò mi, Alhaji, tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mi. Ẹ̀rọ tó fi ń ki sìmẹ́ǹtì máa ń gbọ̀n débi pé abọ́ á máa jó lórí pẹpẹ. Mo lọ bá a láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ fẹ́ fi yàrá kún ilé ni? Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án wà, oní-ínǹṣì mẹ́fà náà wà."

"Rárá o, Alhaji. Ẹ̀rọ yín ni mo wá bẹ̀."

"Ẹ̀rọ mi? Kí ló fi ṣe yín?"

Mo ṣàlàyé. Ó tẹ́tí, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Omi kan ń sùn nílé Ìyá Tíṣà, ẹ̀rọ wa ò jẹ́ kó sùn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni n bá ṣe? Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ó wá fúnra rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, kò wọlé, ó kàn bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Sùbùhánà-lláhì. Àwọ̀ yìí dára o." Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀, lẹ́bàá títì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi ọmọlanke gbé yanrìn ní ọ̀nà jíjìn nítorí tèmi.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi láàárọ̀, á yọrí lókè ọgbà. "Ìyá Tíṣà, ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?"

"Kò tíì jókòó, Alhaji."

"Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa!"

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò rí nǹkan kan, mo sì ń kọ ọ́ pé n kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, Sátidé tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọmọ mi wá, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí ohun kan nísàlẹ̀ bíkà. Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ní ọjọ́ kejì ó ti tó hóró jéró, ó dúdú bí aró, ó sì ní igun. Mi ò purọ́ fún yín, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo ń wò ó títí tíì mi fi tutù. Mo ti bí ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò mọ̀ pé ọkàn mi ṣì lè fò báyẹn nítorí nǹkan tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ẹni tó ń gbàdúrà ni mí. Ìgò òróró àdúrà mi wà lójú fèrèsé, bó ṣe wà ní ilé púpọ̀ ní àdúgbò wa. A fi ń pa orí ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò, a fi ń kan ẹnu ọ̀nà, a fi ń kan ọkọ̀ tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi ṣe àmì àgbélébùú sára bíkà, níta. N kò gbé e, n kò ṣí i. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìtìjú bá ọmọ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, hóró náà ti tóbi sí i, etí rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fi bíléèdì gé e.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ìta lásán bá ṣe báyìí, inú ńkọ́?

Mo ká etí bébà sókè. Mo kán òróró mẹ́ta sójú omi: ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún Ọmọ, ọ̀kan fún Ẹ̀mí Mímọ́. Mo dá bébà padà. Mo mú ìwé, mo kọ ìwọ̀n ooru, mo kọ ibi tí omi dé, mo kọ pé ó ń dàgbà. N kò kọ òróró. Mo ní fún ara mi pé àdúrà kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú eskasáísì.

Lọ́jọ́ kejì, omi kò kúrò níbi tó wà. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ìlà kan náà. Ooru sì mú lọ́sẹ̀ yẹn, òjò ṣú kò rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé àwọn igun tó mú yẹn ti ń di kìrìbìtì, bíi súìtì tí ọmọdé ti lá. Mo kọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo rí ni mo kọ. Ohun tí mo ṣe ni n kò kọ.

Alhaji yọrí. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Ọmọ tó bá ń sùn jù, ẹ fọwọ́ kàn án wò o, Ìyá Tíṣà."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Sátidé dé. Ọmọ mi bọ́ bàtà, ó lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn kó tó mu omi. Mo wà nídìí sítóòfù, mo ń ro ọbẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ti máa ń ṣe láti kékeré tí ìṣirò bá le. "Omi ò dín. Kí ló dé tí omi ò dín? Ooru mú, ó yẹ kó dín."

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sílẹ̀, ó ti tẹ́ àwọn bébà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi báírò fa ìlà sórí ohun tó ti kọ.

Ó ní, kò wojú mi, "Mọ́mì, mo rò pé èmi ni mo ṣì í. Bóyá nǹkan yìí kì í lè dúró nínú omi. Bóyá omi ló ń tú u ká. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún méjì ni mo ti ń rìn lójú ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan." Ó fa ìlà mìíràn. "Mo máa pe ọ̀gá mi. Mo máa ní kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń rìnrìn àjò yẹn pé kí wọ́n má dúró dè mí."

Ọmọ yìí kì í sunkún síta. Ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ni mo fi máa ń mọ̀. Ó máa ń le gan-an. Mo wo ọrùn náà. Mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ tó kéré sí èyí. Ọbẹ̀ ń hó nínú ilé ìdáná, mo lọ pa sítóòfù, mo tún padà wá, nítorí ẹsẹ̀ mi ń wá ìdí tí yóò fi lọ síbòmíràn.

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ. Má fa ìlà mọ́. Èmi ni. Mo da òróró sí i."

"Òróró kí?"

"Òróró àdúrà."

Ó gbé ojú sókè. "Sínú ẹ̀?"

"Sínú ẹ̀."

"Ẹ̀kán mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ó tan iná fóònù rẹ̀, ó tan ìmọ́lẹ̀ náà gẹ̀rẹ́ sójú omi, àwa méjèèjì sì rí i: àwọ̀ òṣùmàrè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú omi láti etí dé etí. Ó ní, "Ó ti dé e. Omi ò ríbi gbà jáde. Tí ooru bá wá mú, hóró náà á máa yòrò padà." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ ṣáájú? Pé mo fẹ́ da gbogbo ẹ̀ nù?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ sì ń ro ọbẹ̀?"

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó mọ̀, mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó fò dìde, ó dì mí mú lábẹ́ apá méjèèjì.

"Ẹ̀ẹ̀wọ̀! Mọ́mì! Ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni? Èmi ni ẹ fẹ́ kúnlẹ̀ fún?" Ó gbé mi jókòó sórí àpótí ìwé bàbá rẹ̀. Ó mú eskasáísì, ó fi báírò lé mi lọ́wọ́. "Ìyẹn ò ṣe mí láǹfààní. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹ ṣe é, aago tí ẹ ṣe é, iye tó jẹ́."

Mo kọ ọ́. *Aago méje àárọ̀. Mo kán òróró àdúrà mẹ́ta sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.*

Ó gba ìwé, ó kà á. Ó tún un kà. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó padà sílẹ̀. "Ọ̀gá mi máa ka ìwé yìí o! Mọ́mì! Wọ́n máa bi mí pé irú àpòpọ̀ wo lèyí!" Ìgbà tí ẹ̀rín rẹ̀ tán ni omijé wá jáde lóòótọ́, ó sì gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ lè máa gbàdúrà sí i, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Àmọ́ kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Mo ní, "Ọkọ mi, má bínú."

Ó ní, "Mi ò bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ọjọ́ méjìlá ló kù kí arìnrìn-àjò yẹn lọ. Ọmọ mi rántí pé ìyókù omi aró náà ṣì wà nínú ìgò kan nínú àpò òun. Ó sẹ́ ẹ gba inú bébà asẹ́ bọ́ sínú bíkà mìíràn tó mọ́ tóní. Ó wá ku bí a ó ṣe gbé hóró náà kúrò nínú omi olóróró láìjẹ́ kí òróró lẹ̀ mọ́ ọn. Síríǹjì gígùn kan ló mú jáde. Ó ní òun á ki ẹnu rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, á máa tú afẹ́fẹ́ jáde bó bá ti ń gba ojú omi kọjá kí òróró má bàa wọ inú rẹ̀, á wá fa hóró náà mọ́ra jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́ padà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Mi ò lè ṣe é."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe láti bẹ̀bẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, ní ọrùn ọwọ́, bí mo ṣe máa ń di ọwọ́ ọmọ mú kó tó mọ lẹ́tà kọ. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, òun ni ojú. Èmi ni ọwọ́. A wọlé. A dúró. Ó ní, "Sísàlẹ̀ díẹ̀, mà. Díẹ̀ sí i. Ẹ dúró." Ó fà á. Hóró kékeré náà gbéra nílẹ̀, ó wọ inú ọ̀pá síríǹjì bí ẹni pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ó fi díẹ̀ nínú omi aró tuntun náà ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ bíkà tuntun. Ọbẹ̀ ti tutù.

Ọjọ́ méjìlá yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbàdúrà. Mo ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mo ń kọ̀wé, mo ń jáde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òwe tí mo ti fi kọ́ àìmọye ọmọ, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dín, bí irun orí kan lójúmọ́. Àwọn igun tó ti di kìrìbìtì tún mú padà. Mo sọ fún Alhaji pé ọmọ ti jókòó. Ó ní, "Alihamudulilahi. Ẹ jẹ́ kó dúró ná kí ẹ tó ní kó sáré."

Nígbà tó ku ọ̀la kí arìnrìn-àjò náà lọ, ọmọ mi wá gbé e. Ó tó ìdajì hóró ìrẹsì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wọṣọ. Ẹ ti ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Lábù náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ó gbé hóró náà sábẹ́ awò ńlá kan tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó ní kí n tẹjú mọ́ ọn. Mo rí aró tó ń dán, etí rẹ̀ gún bí ojú ọ̀bẹ. Ó fi gíláàsì méjì kan há iná láàárín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ máa yí pẹpẹ yìí, díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀, ó máa dé ibì kan tí gbogbo ẹ̀ máa ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan á ṣú, èkejì á máa tàn."

Mo yí i. Ó ń tàn, ó ń tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ṣú. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ohun kan ṣì ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un. Ó wò ó. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìbejì ni."

Mo ní, "Ayọ̀ ni ìbejì."

Ó ní, "Kì í ṣe níbí, mà."

Ó mú bíléèdì. N kò lè wò ó, mo kọjú sí ògiri, níbi tí wọ́n lẹ àtẹ orúkọ àwọn nǹkan mọ́, mo ń kà á láìmọ ohun tí mo ń kà. Mo gbọ́ ohùn kan, ó kéré ju kí èékánná ya lọ. Lẹ́yìn náà kò sí ohùn kankan.

"Mọ́mì, ẹ wá."

Ìdajì tó kù kò ju hóró ṣúgà lọ mọ́. Ó ní ó tó, ẹ̀rọ náà kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú ọwọ́ mi lé etí pẹpẹ. Mo yí i. Aró, aró tó ń tàn, aró tó ń rẹ̀, lẹ́yìn náà òkùnkùn. Gbogbo rẹ̀. Kò sí ibì kankan tó ṣẹ́ kù. Mo yí i síwájú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ tún tàn lẹ́ẹ̀kan náà. N kò mọ iye ìgbà tí mo yí i. Òun náà kò sọ pé kí n fi í sílẹ̀.

Ó dúró lẹ́yìn mi, àgbọ̀n rẹ̀ lórí gèlè mi. "Ṣé ó ṣú tán, mà?"

"Ó ṣú tán."

"Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan?"

"Kò sí rárá."

Hóró náà lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá, mo ń gbá ewé tó já nínú ọgbà nígbà tí fóònù mi dún. Òun ni. Ó sáré sọ̀rọ̀ débi pé mo ní kó mí ná. Ó ní wọ́n ti rí i: bàbà wà láàárín, ó na ọwọ́ sí oògùn náà níbi méjì, kì í ṣe ibi kan bí àwọn ti rò, oògùn náà sì gbá a mọ́ra bí ẹni pé wọ́n wọn àyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Orí ìwé yẹn ńkọ́?"

"Ó dúró, mà. Ó dúró."

Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo wá àga, mo jókòó. Mo ní kó tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má kánjú, ibi tí bàbà wà àti ibi tó na ọwọ́ sí. Ó tún un sọ.